Ohùn Tí Kọ̀ǹpútà Kò Gbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìgbájọ tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Ó mọ kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ ọ́n dójú àmì, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù kan ló ní: ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó dá a lójú pé yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Bí ẹ bá ní kó fara balẹ̀ wò ó, á ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ aránṣọ ni o! Bàbá rẹ̀, Bàbá Oyèbísí, kì í fojú wọn aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, tó o tún gbé òmíràn wá lónìí, yóò tún fa téèpù yọ ni. "Ara là ń wọ̀n," ni baba máa ń wí, "a kì í wọn ìrántí." Ìbíyẹmí á kàn rẹ́rìn-ín.

Àìsàn ọ̀fun wá dé bá baba yìí. Àwọn dókítà n'Ìbàdàn ní àwọn yóò yọ gògóńgò rẹ̀, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Oyún wà nínú Ìbíyẹmí nígbà náà, oyún àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni baba bẹ̀bẹ̀ fún kó tó lọ: kí òun ki ọmọ náà ní oríkì ìran wọn, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí ọmọ lè gbọ́ ohùn bàbá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù baba, èyí tó fi ń gbọ́ orin. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ló ń darí iṣẹ́ inú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò yóò wá gbé baba, Ìbíyẹmí so máìkì mọ́ ọn, baba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Kọ̀ǹpútà gbà á, àmọ́ ohùn náà ń kọsẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, torí ẹ̀rọ ti darúgbó.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀, Àyọ̀ká," ni baba wí. Àyọ̀ká ni oríkì Ìbíyẹmí.

"Rárá, Bàbá mi, kò dáa tó. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe." Ló bá pa gbogbo ohun tí baba ti sọ rẹ́.

Ohun kan wà nínú Línọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Òun ni alárinà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ̀yà tí kò bá mọ̀, òkú ni ẹ̀yà náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un dá kó bá ẹ̀rọ kan mu, kó fúyẹ́, kó yára. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ náà wò: irú ọpọlọ wo ló ní? Irú dísíìkì wo? Kí ló ń gba ohùn fún un? Ìbíyẹmí kò yẹ nǹkan kan wò. Èyí tó ti dá fún kọ̀ǹpútà tuntun tó ń lò níbi iṣẹ́ n'Ìbàdàn wà nínú fílaṣì rẹ̀. Òun ló gbé wọ arúgbó ẹ̀rọ yìí lọ́rùn. Ó sì yọ kánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ dànù, ó ní kí àyè lè wà!

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò jí.

"Ṣé fóònù ò lè gbà á ni?" ni baba bi í.

"Bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ ni ohùn máa ń dún nínú fóònù mi, Bàbá. Ẹ ní sùúrù, mo ti mọ̀ ọ́n."

Mọ́tò fun fèrè. Àbúrò baba tó fẹ́ sìn ín lọ ti gbé àpò sínú ọkọ̀. Ìbíyẹmí kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ máa lọ ná. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Màá gbé kọ̀ǹpútà bá yín kílẹ̀ tó ṣú." Baba dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ó dàbọ̀, Àyọ̀ká," ló wí, ó sì lọ.

Áà, ayé le o! Wọ́n ń sún mọ́ Ìbàdàn lọ̀fun baba wú, tí èémí rẹ̀ há. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ta ló tún ń dúró de ọ̀la? Nígbà tí Ìbíyẹmí fi máa débẹ̀, wọ́n ti yọ gògóńgò baba, ihò tó fi ń mí sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Baba rí i, ètè rẹ̀ mì. Ìbíyẹmí rí i pé "Àyọ̀ká" ló ń pè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sunkún, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Nígbà tó padà sílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí ó wo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá kánẹ́ẹ̀lì tó bá ọpọlọ àti dísíìkì rẹ̀ mu. Ẹ̀rọ jí. Ó sọ̀rọ̀ sí máìkì, kọ̀ǹpútà gbà á geere, kò kọsẹ̀ rárá. Ta ni yóò wá ki ọmọ sí i?

Ó bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, baba gbé ọmọ náà kojú ara rẹ̀, ó sì kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ètè nìkan ló ń mì. Ọmọ náà ń wo ẹnu bàbá àgbà, Ìbíyẹmí sì dojú bolẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé e. Ohun tó bá tìrẹ mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu. Èyí tó ń tiro tó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ nù nítorí èyí tó dára jù tí kò tíì dé. A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù.