Bàtà Igba Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì o. Ẹ rọra kà á tán kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Aṣebàtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fáàrí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ó fẹ́ràn kí ayé máa kan sárá sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fò lókè.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bàtà tó tóbi jù nílùú rí iṣẹ́ Fáàrí lẹ́sẹ̀ ẹnìkan, ó sì ránṣẹ́ pè é.

2.
Ẹ bá mi fojú inú wo ibẹ̀. Yàrá gígùn, fèrèsé ńláńlá, oòrùn àárọ̀ ń wọlé bí àlejò tí kò kánjú. Eruku awọ ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fáàrí ní ṣe ló dà bíi pé òun ń lá àlá, ẹ̀rù sì ń ba òun láti sọ̀rọ̀, kí òun má lọ jí.

Bàbá tó ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu àga, ó ní, “Ẹ jókòó.” Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Ẹ-Jókòó. Tọmọdé tàgbà ló ń sọ “ẹ” fún, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bàbá kúnlẹ̀ lórí síméńtì. Ó ní kí Fáàrí bọ́ bàtà, kó dìde dúró lórí pépà, ó wá fi pẹ́ńsùlù ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní òun lòun ń ṣe bàtà àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá bá òun ṣiṣẹ́.

“Ẹsẹ̀ tó bá jókòó máa ń purọ́,” ni bàbá wí. “Ẹ jẹ́ kó dúró, kó ru ẹrù ara, ká tó mọ bó ṣe rí. Tọ̀tún àti tòsì kì í sì í dọ́gba.”

Omi lé ròrò sójú Fáàrí. Láyé rẹ̀, kò tíì sí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ nítorí tirẹ̀ rí.

3.
Ọdún kan kọjá, Fáàrí ti kọ́ ohun púpọ̀. Bàbá wá pè é. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ bàtà fún igba nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá ní Fáàrí ni kó ṣe é. Tí bàtà náà bá tu àwọn nọ́ọ̀sì lára, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí òun ní lẹ́bàá odò, tó ṣófo, á di ti Fáàrí pátápátá. Bàbá ní ẹnìkan ló ṣe irú oore yẹn fún òun náà nígbà kan.

Inú ẹ̀gbọ́n Fáàrí dùn débi pé ó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, kó lè wá bá àbúrò rẹ̀ ṣe é. Fáàrí pàápàá á wọ inú ilé òfìfo yẹn lọ́sàn-án, á máa fọwọ́ pa ògiri, á máa rí tábìlì tí kò tíì sí níbẹ̀, á máa gbọ́ ohùn òṣìṣẹ́ tí kò tíì gbà síṣẹ́.

4.
Àlá náà ń pani bí ọtí o. Kó tó di pé wọ́n gé awọ kankan, Fáàrí ti ń sọ pé “ilé-iṣẹ́ mi.” Ó dá ṣòkòtò funfun. Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ wọn ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ó wo orúnkún ṣòkòtò náà, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé òun tóun fẹ́ dọ̀gá lòun á lọ máa kúnlẹ̀ níwájú igba èèyàn. Ó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà bàtà wọn ránṣẹ́ lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ó ti rí ẹsẹ̀ kankan nínú wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló dáhùn, “nọ́ńbà ni nọ́ńbà.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ wọn ẹsẹ̀ fún.

5.
Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn nọ́ọ̀sì gba bàtà tí wọ́n fi dá a padà. Èékánná ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kan ti dúdú. Òmíràn ní ẹsẹ̀ lásán lòun fi ń tọ́jú aláìsàn.

Bàbá kò pariwo. Ó jókòó ti Fáàrí. “Èmi náà ti ba bàtà jẹ́ rí, ó ju tiyín lọ,” ló wí. “Lọ́la, láago mẹ́jọ, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bẹ̀ wọ́n, ká wọn ẹsẹ̀ wọn. Awọ ṣì wà. Ilé yẹn ṣì jẹ́ tiyín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn kò tíì tì o!

6.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fáàrí múra, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ro bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ó padà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù ń dún, ó fi ìrọ̀rí bò ó. Bàbá dúró dè é ní géètì ilé ìwòsàn títí ọ̀sán fi pọ́n, kó tó dá wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Fáàrí tẹ̀ lé bàbá lọ bá a di pépà mú. Fáàrí ti sá kúrò nílùú.

7.
Ọdún méjì kọjá kí ojú tó yé tì í. Ó padà wá bẹ bàbá, wọ́n sì júwe ilé-iṣẹ́ ẹ̀bá odò fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Òun ló bá bàbá tún bàtà àwọn nọ́ọ̀sì ṣe, òun ni bàbá sì fún nílé náà. Bàbá sì ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

“Kò bínú sí ẹ rárá,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Títí tó fi lọ, ohun tó máa ń bi mí ni pé, ṣé o ń rí jẹ.”

Fáàrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹni tó máa bẹ̀ mọ́.

Ìwọ tó ń kà á, mo bẹ̀ ọ́. Bí Ọlọ́run bá fi ẹni rere pàdé rẹ, má wo ipò rẹ̀ nìkan, kọ́ ìwà rẹ̀. Bí o bá sì ṣẹ̀, dìde lónìí, lọ tọrọ àforíjì nígbà tí ẹni náà ṣì ń dúró dè ọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.