Fíìmù Ilé Oníwin ti Lagbé

Láti ìgbà tí Jẹ́láàní ti kọ ìwé ìtàn nípa iwin tó ń gbé ahoro ilé bàbá rẹ̀ ní Lagbé, nítòsí bodè, kò sẹ́ni tó tún jẹ́ gba iwájú ilé náà kọjá. Kódà àwọn aṣọ́bodè Ìfọ̀nyìn, tí kò sí igbó tí wọn kì í tú, ń yà fún un. Dieudonné, ọmọ Àjàṣẹ́, ka ìwé náà, ó sì búra pé ìtàn náà ni òun yóò fi ṣe fíìmù òun àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó jẹun.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìyípadà, tí wọ́n ń pè ní Révolution, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Albertine, alága wọn, rẹ́rìn-ín.

“Kámáráàdì, Révolution ò mọ iwin o. Ẹ jẹ́ kó parí sí pé onífàyàwọ́ ló ń dẹ́rù ba ará ìlú, kó lè ríbi kó ẹrù pamọ́ sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí fíìmù.”

Jẹ́láàní yarí kanlẹ̀. Ó ní iwin òun, iwin gidi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọ̀daràn. Dieudonné sáré lọ bá a. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Jẹ́láàní déédéé yọ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Àbúrò, mo gbà. Ṣùgbọ́n páálí ẹrù inú fíìmù, èmi ni n ó pèsè rẹ̀, èmi náà ni n ó mú àwọn alárù wá.”

Dieudonné fò sókè bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Ọjọ́ tí wọ́n ya ìparí rẹ̀, gbogbo Lagbé tú jáde. Àwọn aṣọ́bodè gidi ló ṣe aṣọ́bodè. Wọ́n lé iwin mú, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín pa ará ìlú. Àwọn alárù ń gbé páálí sínú ọkọ̀, wọ́n ń làágùn, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Dieudonné ń pàtẹ́wọ́: òun kò tíì rí òṣèré tó mọ bí a ṣe ń ṣe bí ẹni pé páálí òfìfo wúwo tó báyìí. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn onífíìmù gbé páálí náà dé bodè, àwọn aṣọ́bodè ṣì ń rẹ́rìn-ín; wọ́n gbé igi ọ̀nà sókè, wọ́n juwọ́ sí wọn.

Ní Àjàṣẹ́, Dieudonné já páálí kan kó lè dà á nù, léèsì tuntun tú dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Jẹ́láàní, tó bá ọkọ̀ wá, sì gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ní, “Àbúrò, ìwé mi ló bá mi ṣọ́ ẹrù yìí, fíìmù rẹ ló bá mi gbé e kọjá.”