Oríṣi Ohùn Tí Wọ́n Ní Kí Fadérera Yọ

Iṣẹ́ Fadérera ni títún ìwé àlàyé ẹ̀rọ tó ń dá oríṣi fáìlì mọ̀ ṣe. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń yẹ fóònù gbogbo ará ìlú wò. Fáìlì tí oríṣi rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, yóò pa á rẹ́.

"Yọ oríṣi fáìlì ohùn àtijọ́ yìí kúrò nínú ìwé," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ó ń da àwọn òǹkàwé láàmú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú rẹ̀ ni ohùn ìyá mi tó ti kú, tí mo gbà sórí fóònù mi."

"Òfin ni."

Fadérera gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yọ oríṣi rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ohùn ìyá rẹ̀ kò sí lórí fóònù mọ́.

Ọ̀gá ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá yéni yékéyéké."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Fadérera dáhùn.