Ògiri Òkété àti Ìmọ̀ràn Ọ̀bọ

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́bàá ògiri amọ̀ tí Òkété ń mọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ó ti mọ ìpele kan, ó ń dúró kí ó gbẹ kí ó tó gbé èkejì lé e.

Ọ̀bọ, tí ń kọ́ gbogbo ẹranko ní ilé kíkọ́, ń kọjá lọ. "Ìyá Òkété, amọ̀ ń fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ṣe ògiri, kí ẹ sì dáná sáàárín. Ilé á móoru. Bí mo ṣe ní kí Ehoro ṣe é nìyẹn."

Òkété lọ wo ilé Ehoro. Eérú ló bá. Ehoro àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ igbó.

"Ọ̀bọ ní àwa la dáná jù," ni Ehoro fi ìtìjú wí.

Òkété padà, ó pe gbogbo ẹranko jọ síwájú Ọ̀bọ, ó dá orin, wọ́n sì ń gbè é:

Ọ̀bọ, ilé wo lo kọ́ tí o gbé?
Fi hàn wá o.
Ibo lọmọ Ehoro yóò sùn?
Fi hàn wá o.

Ojú Ọ̀bọ ń wá ẹ̀ka tí yóò gùn. Òkété di ìrù rẹ̀ mú.

"O ò ní lọ. Wá po amọ̀. Ti Ehoro la ó kọ́kọ́ mọ."