Aṣọ Tí Kò Ní Ìṣẹ́tí

Láti ìgbà tí Ìyá Télọ̀ ti ti ọsibítù dé, ọmọ rẹ̀ obìnrin kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyá lọ síbẹ̀, nítorí fóònù ọmọ náà ni, ìyá sì gbà pé ìbínú ọjọ́ yẹn ni kò tíì tán nínú ọmọ.

"Tọ̀sán tòru lo fi ń wo nǹkan yìí," ló wí nígbà náà. "Ṣé òun ló bí ọ ni?"

Ọmọ náà kàn gbé fóònù rẹ̀ wọ yàrá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá burú sí i báyìí. Tí ọmọ náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ju báàgì sílẹ̀, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di inú fóònù. Á rẹ́rìn-ín, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, nígbà mìíràn á gbé e sétí, á dijú. Ìyá Télọ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, èyí tí ọmọ ti fi aṣọ bò, á ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀ o. Ṣé o ti jẹun?" Etí ikún ni ọmọ ń kọ sí i. Ó ń dun ìyá náà wọ eegun.

Àwọn ará ilé kò sàn jù ú lọ. Obìnrin tó ń gbé lókè, tó máa ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín tẹ́lẹ̀, ń kọjá lára rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìwojú rẹ̀. Ìyá Télọ̀ di ẹ̀bi náà ru fóònù: gbogbo ayé ló ti sorí kọ́ sínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ ọn ni pé orúnkún rẹ̀, tó ti ń dà á láàmú láti ọdún gbọọrọ, kò ro ó mọ́. Dókítà yẹn mọṣẹ́, ó wí fún ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe gan-an, fóònù ni. Òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò ló ń ṣe ìkànnì kan tí àwọn ènìyàn á ti máa kí ara wọn, tí wọ́n á máa gbé àwòrán síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní gbé wọn mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Agùntáṣọọ́lò wá sílé. Ó jókòó sórí àga Ìyá Télọ̀ láìtọrọ gáfárà.

"Ẹsẹ̀ gígùn, ìwà kúkúrú," ni Ìyá Télọ̀ wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Tí ènìyàn bá ń padà sójú-ewé ẹnì kan ṣoṣo ṣáá, tí kò lè kúrò ńbẹ̀," ni Agùntáṣọọ́lò ń sọ, "ilẹ̀kùn ojú-ewé yẹn á tì. Ìyẹn ti yé wa. Ṣé ká wá fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó lè fi ṣí i padà?"

"Tá a bá tì í pa, ó ti le jù," ni ọmọ náà wí.

"Tá a bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Kí la wá ṣe?"

Ìyá Télọ̀ sún mọ́ wọn. Fóònù ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn yìí ni yóò dá a padà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu sétí ọmọ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tó ń kọ́ ọ ní ìránṣọ.

"Aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí, títú ló ń tú. Má ṣe kọ́kọ́rọ́ kankan."

Ọmọ náà gbé orí sókè. Ó wo máṣíìnì náà títí. "Màámi máa ń sọ pé aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí, títú ló ń tú."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ." Ohùn Agùntáṣọọ́lò ti rọ̀. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lò ó. O mọ ojú-ewé tí mò ń wí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kò ní sí kọ́kọ́rọ́?"

"Kò ní sí."

Inú Ìyá Télọ̀ dùn dẹ́yìn. Ọmọ náà ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ọmọ náà jókòó sáyè rẹ̀. Ìyá Télọ̀ dúró sẹ́yìn àga, ó ti to ohun tó máa sọ sẹ́nu: á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, á wá bi í bóyá ó ń jẹun dáadáa, torí ó ti rù. Fóònù náà dún. Ọmọ náà ka ohun tó kọ jáde.

"O ti ń padà síbí jù. Ṣé ká ti ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Tì í, kó o yíjú wò mí."

Ọmọ náà gbé ìka sórí rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, Màámi."

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Télọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn. Omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí èjìká ọmọ rẹ̀. "Mi ò bínú. Tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, àwòrán Ìyá Télọ̀ tó wà lójú fóònù, tí àwọn ènìyàn ti ń kọ "Sùn-un re o" sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ kúrò ní ọsibítù, sì parẹ́, ìyá tó dúró lẹ́yìn àga náà sì bá a lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan èjìká ọmọ.