Ẹ̀ka Tí Zubair Fẹ́ Kí N Fi Sílẹ̀

"Kó gbogbo kóòdù áàpù wa lọ sí ibi ìpamọ́ tuntun," ni Alhaji Ṣéhù, ọ̀gá wa ní Ago-Ìwòyè, wí fún mi. "Gbogbo ẹ̀ka. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ẹ̀ka ni ibi tí kálukú wa ti ń ṣe tiẹ̀ kó tó dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù.

Zubair, tí a jọ ń kọ kóòdù níbẹ̀, sáré wá bá mi.

"Jọ̀ọ́, fi ẹ̀ka tèmi sílẹ̀. O ṣáà mọ nǹkan tó wà níbẹ̀."

"Ọ̀gá ló pàṣẹ."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo ẹ̀ka kọjá pátá.

Alhaji ń ṣí wọn wò. Ó dé orí ti Zubair, ó dúró.

Wẹ́bùsáìtì yìgì ni, òdòdó yí i ká. Ọkọ: Zubair. Ìyàwó: Raheemah, ọmọ Alhaji Ṣéhù.

Òógùn bo Zubair.

"O ti ń so yìgì lórí kọ̀ǹpútà, o ò tíì rán ẹnì kankan sí mi," ni Alhaji wí. "Lọ́jọ́ Sátidé, kó àwọn èèyàn ẹ wá láti Abigi. Gbogbo wọn. Má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ó yíjú sí mi.

"Raheemah, lọ sọ fún ìyá ẹ pé àlejò ń bọ̀."

"Wọ́n ti mọ̀ láti àárọ̀, Dádì."