Ọ̀nà Omi Ilé Ẹ̀yìn

Súbérù dí ọ̀nà omi Màrúfátù pa.

Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Sàkétè. Màrúfátù opó wà lẹ́yìn, Súbérù àbúrò ọkọ rẹ̀ wà níwájú. Ọ̀pá amọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé omi balùwẹ̀ àwọn méjèèjì gba abẹ́ yàrá Súbérù lọ sí kòtò etí títì. Ní ọdún kejì òmìnira, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n fọ́ ọ̀pá, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí omi ọṣẹ fi mu Màrúfátù dé kókósẹ̀.

Ó wọ́ aṣọ mọ́ra, ó lọ dúró sójú fèrèsé ilé iwájú.

“Ràúdátù! Ṣé ohun tí ọkọ rẹ máa fi mí ṣe nìyí?”

Ràúdátù yọjú. Kò jáde.

“Ìyálé mi, ẹ rọra. Ibi tó fẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi júwe rẹ̀.”

“Ó mọ̀ pé ọ̀pá wà níbẹ̀!”

“Ó mọ̀.”

Màrúfátù padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Súbérù ti wá bá a rí, fìlà lọ́wọ́. “Ìyá Àdìó, ilẹ̀ yàrá mi ń sun omi, ikọ́ ò jẹ́ n sùn. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀pá yìí gba ẹ̀yìn.” Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dá a lóhùn lójú gbogbo obìnrin agboolé: “Bàbá ọkọ mi ló rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kó lọ mu àgbo.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí, tó bá rántí rẹ̀, á gbé àwo oúnjẹ tì.

Ó ránṣẹ́ pe Basile, mọlémọlé ará Pọ̀bẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ọ̀pá. Basile wò ó yíká.

“Ìyá, ẹ jẹ́ n wọ yàrá yẹn, kí n fọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.”

“O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan ní yàrá Súbérù.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bú u láti àárọ̀?”

“Bú ni mo bú u, mi ò ní kí o fọ́ ilé rẹ̀. Gba ẹ̀yìn.”

Ẹ̀yìn gba inú ilé ìdáná rẹ̀ kọjá. Ó ní kó wó o. Ó fi orí ara rẹ̀ ru iyẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ní àràárọ̀ ló ń dúró sójú fèrèsé, tó ń pe Súbérù ní orúkọ tó sọ ọ́ láti ìgbà tó ti wọlé ní ìyàwó: “Adúmáadán, a ti gbẹ́ ẹ dé ìdí igi gúáfà o!” Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó pòṣé, ó gbé agbọ̀n.

Lọ́jọ́ karùn-ún, omi ṣàn wọ kòtò tuntun láìdúró. Basile pàtẹ́wọ́.

“Ọkọ yín ilé iwájú kò ní rí ẹjọ́ kankan rò mọ́!”

Màrúfátù kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́, ó kan ilẹ̀kùn, Ràúdátù sì ṣí i fún un.

Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ ti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo sàréè Súbérù nínú yàrá rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní: “Adúmáadán, mo ti gbé ọ̀pá kúrò lábẹ́ rẹ, dá mi lóhùn.”